Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìtàn Bí Yíyan Ọ̀nà Wi-Fi Ṣe Bọ́ Sọ́wọ́ Fóònù

 

Alẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, nínú ilé tí àwa mẹ́rin jọ gbà nítòsí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀kan nínú wa ti lọ gba oríkì ìdílé kan sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀. Fídíò náà gùn ju wákàtí kan lọ. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní dandan ni kí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí aago méjìlá òru tó lù. A ti dáwó jọ ra ráútà tuntun, a sì ti san owó dátà oṣù náà. Ráútà wà ní pálọ̀, fóònù wà nínú yàrá tó kángun sí i, síbẹ̀ fídíò ń wọ́ bí ìgbín.

Nígbà tí a yẹ ráútà náà wò dáadáa, a rí i pé ọ̀nà méjì ló là sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo: ọ̀nà 2.4 GHz àti ọ̀nà 5 GHz. Ọ̀nà 5 dá páropáro, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọ̀nà 2.4 ni gbogbo fóònù inú ilé wa dúró sí, ráútà àwọn ará ilé kejì sì ń pariwo níbẹ̀ pẹ̀lú. Fóònù tó mọ ọ̀nà 5 dáadáa, tó sì yẹ kó gbà á, àárín èrò ló fọkàn sí.

A bínú sí ráútà. Ẹ̀yìn ìgbà tí a ṣèwádìí ni a tó mọ̀ pé kò jẹ̀bi. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ ẹni ló ń yan ọ̀nà, kì í ṣe ráútà. Bí a ṣe bọ́ nínú wàhálà alẹ́ ọjọ́ náà, àti ẹni tí ọgbọ́n wa kọ́kọ́ pa lára, ẹ ó kà á nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn ná.

Kí ni à ń pè ní ọ̀nà?

Rédíò ni Wi-Fi. Bí ilé-iṣẹ́ rédíò ṣe ń fi ìgbì gbé ohùn wá sínú ilé wa, bẹ́ẹ̀ ni ráútà àti fóònù ń fi ìgbì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìgbì ọ̀nà 2.4 GHz ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù 2.4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ọ̀nà 5 GHz ń mì ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbì 2.4 kan gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Ti 5 kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ.

Láti ibẹ̀ ni ìwà wọn ti yàtọ̀. Ìgbì 2.4 máa ń la ògiri kọjá, ó sì máa ń rìn jìnnà. Ìgbì 5 tètè máa ń rẹ̀ bí ó bá ti pàdé ògiri méjì mẹ́ta. Àmọ́ ọ̀nà 2.4 tóóró. Gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 83.5 MHz lọ, ìkànnì mẹ́ta péré tí kì í gun orí ara wọn ló sì gbà, èyí tí wọ́n máa ń fún ní nọ́ńbà 1, 6 àti 11. Bí ráútà mẹ́wàá bá wà ní àdúgbò kan, ṣe ni wọn yóò máa fún ara wọn mọ́ inú ìkànnì mẹ́ta yìí. Ọ̀nà 5 fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tó bá sún mọ́ ráútà, ọ̀nà 5 ló sàn fún un. Kí ló wá dé tí gbogbo ayé fi há sí ọ̀nà tóóró?

Ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Percy Spencer ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Raytheon ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò rédà fún àwọn ológun. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó dúró níwájú ẹ̀rọ kan tó ń tu ìgbì jáde, ló bá rí i pé midinmíìdìn tó wà nínú àpò òun ti yọ́. Ní ọdún 1945, Raytheon béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí fífi ìgbì se oúnjẹ. Ààrò máíkírówéèfù tí a mọ̀ lónìí ti ibẹ̀ wá. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà ga tó ènìyàn, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílógírámù 340.

Ní ọdún 1947, àwọn orílẹ̀-èdè ayé péjọ sí Atlantic City ní Amẹ́ríkà láti pín ìgbì rédíò láàárín ara wọn. Wọ́n fún ọkọ̀ òfuurufú ní tirẹ̀, wọ́n fún ọkọ̀ ojú omi àti ilé-iṣẹ́ rédíò ní tiwọn. Wọ́n tún ya àwọn ibì kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ tí kì í fi ìgbì sọ̀rọ̀ rárá: ààrò, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, ẹ̀rọ ìṣègùn. Agbègbè 2.4 GHz wà lára ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yìí. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fara da ariwo tó bá bá.

Ẹ wò ó bí ààtàn ẹ̀yìnkùlé ìlú. Ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Ibi tí gbogbo ẹ̀rọ ń da ariwo sí ni, kò sí ọlọ́lá kan tó fẹ́ kọ́lé sórí rẹ̀.

Ẹni tó rí oko lórí ààtàn

Ẹni tó bá gbé ilé-ńlá dàgbà mọ̀ pé orí ààtàn ni àgbàdo àti ìbẹ́pẹ ti máa ń yọ láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn wọ́n. Michael Marcus, onímọ̀ ẹ̀rọ ní FCC, ìyẹn àjọ tó ń ṣàkóso ìgbì rédíò ní Amẹ́ríkà, ló wo ibi tí kò sẹ́ni tó fẹ́ yìí tó rí oko.

Ọgbọ́n kan wà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ológun: kí ọ̀rọ̀ má dúró lójú kan lórí ìgbì, kí ó máa tàn káàkiri ibi tó fẹ̀, tí ariwo ojú kan kò fi ní lè pa á. Ẹ̀yà kan nínú ọgbọ́n yìí ni kí ọ̀rọ̀ máa fò láti ibì kan dé ibòmíràn. Ní ọdún 1942, òṣèrébìnrin Hedy Lamarr àti olórin George Antheil gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ kan, fún dídarí àdó olóró abẹ́ omi. Àwọn kan a máa sọ pé Lamarr ló ṣe Wi-Fi. Àsọdùn ni. Ó wà lára àwọn tó tètè ronú síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ púpọ̀ ló pọn omi yìí kún àmù.

Marcus ní kí wọ́n jẹ́ kí ará ìlú lo ọgbọ́n yìí láìgba ìwé àṣẹ. Ọdún 1981 ni FCC bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè èrò àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1985, wọ́n fọwọ́ sí i. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ṣí: agbègbè 900 MHz, agbègbè 2.4 GHz, àti agbègbè 5.8 GHz. Agbára ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ ju wáàtì kan lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá pa òfin yìí mọ́ lè tajà níbẹ̀, kò ní san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣí 2.4 àti apá kan nínú 5. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀kan di ọjà, tó sọ èkejì di igbó.

Ẹni tó ń polówó àti ẹni tó ń rajà

Lára àwọn tó kọ́kọ́ sáré wọ ilẹ̀ ọ̀fẹ́ náà ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbowó orí káńtà. Ilé-iṣẹ́ NCR fẹ́ kí ẹ̀rọ ìgbowó inú ìsọ̀ ńlá máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, kí oníṣòwò lè gbé káńtà rẹ̀ síbi tó bá wù ú. Ẹ̀ka wọn ní Netherlands ló ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń sọ èdè tirẹ̀, ẹ̀rọ ti lámọ̀rín kò gbọ́ ti tàmẹ̀dò. Ní ọdún 1990, ìgbìmọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí à ń pè ní IEEE láti kọ ìlànà kan fún gbogbo wọn. Nọ́ńbà ìgbìmọ̀ náà ni 802.11. Vic Hayes, ọmọ Netherlands tó ń bá NCR ṣiṣẹ́, ló darí rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Ọdún 1997 ni ìlànà àkọ́kọ́ jáde, tí ó ń gbé mẹ́gábíìtì 1 tàbí 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọn kò lè lo agbègbè 900 fún gbogbo ayé, nítorí pé ní Yúróòpù, fóònù GSM ti gba nínú rẹ̀. Ọ̀nà 2.4 ni wọ́n gbé rédíò wọn lé, torí pé ó ṣí sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Inú ìlànà yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè wa wà. Ráútà dà bí olójà. Ó ń polówó: nǹkan bíi ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó ń kéde orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ní. Fóònù dà bí oníbàárà. Ó lè dákẹ́ kí ó máa gbọ́ ìpolówó, ó sì lè fúnra rẹ̀ ké pé, "Ta ló wà níbẹ̀?", kí àwọn ráútà dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni yóò yan ìsọ̀ tó wù ú. Ìlànà sọ bí wọn yóò ṣe kí ara wọn, àti bí fóònù yóò ṣe wọlé, ṣùgbọ́n kò sọ bí fóònù yóò ṣe yàn. Ọwọ́ ẹni tó ṣe fóònù ni ó fi èyí sí. Olójà lè kọ̀ láti tajà fún ọ, ṣùgbọ́n kò lè wọ́ ọ wọ ìsọ̀.

Ìpinnu yìí mọ́gbọ́n dání nígbà náà. Ẹ̀rọ tó ń rìn ló mọ ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́ níbi tó dúró sí. Ráútà kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sí nǹkan púpọ̀ láti yàn.

Táyéwò àti Kẹ́hìndé

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, wọ́n fọwọ́ sí ìlànà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìbejì. Ọ̀kan ń jẹ́ 802.11a. Ọ̀nà 5 ni tirẹ̀, ó sì lè gbé mẹ́gábíìtì 54. Èkejì ń jẹ́ 802.11b. Ọ̀nà 2.4 ni tirẹ̀, mẹ́gábíìtì 11 péré ló lè gbé. Nínú ìwé, *a* ló ṣáájú. Ní ọjà, *b* ni Táyéwò tó kọ́kọ́ jáde wá tọ́ ayé wò. Ohun èlò rédíò 5 GHz ṣòro ṣe, ó sì wọ́n, ti 2.4 ti wà nílẹ̀. Kí *a* tó dé orí àtẹ, *b* ti gba ilé àti ọ́fíìsì.

Ní oṣù keje ọdún 1999 kan náà, kí ìwé náà tó jáde tán, Steve Jobs gbé kọ̀ǹpútà iBook sókè níwájú èrò ní New York. Ó ń wo íntánẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀, ó sì gba òrùka ńlá kan kọjá lára rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé kò sí wáyà. Ọ̀nà 2.4 ni.

Ọdún yẹn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ kó ara wọn jọ, tí wọ́n bẹ ilé-iṣẹ́ Interbrand lọ́wẹ̀ kí ó bá wọn wá orúkọ tí ẹnu yóò lè pè. Interbrand mú "Wi-Fi" wá. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa orúkọ, ẹ gbọ́ èyí: orúkọ náà kì í ṣe ìkékúrú ọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n kàn fi ìró rẹ̀ jọ "Hi-Fi" tí àwọn olólùfẹ́ orin ti mọ̀ ni. Ìtumọ̀ tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ẹ̀yìn orúkọ ni wọ́n wá a.

Ní ọdún 2003, ìlànà 802.11g gbé mẹ́gábíìtì 54 wá sórí ọ̀nà 2.4. Ohun kan tí Kẹ́hìndé fi ju Táyéwò lọ nìyẹn, wọ́n sì ti fún Táyéwò náà. Ọdún yẹn náà ni ìpàdé àgbáyé ní Geneva fi ẹsẹ̀ Wi-Fi múlẹ̀ sí i lórí ọ̀nà 5, ṣùgbọ́n wọ́n ní níbi tí rédà bá wà, Wi-Fi gbọ́dọ̀ yàgò. Títí di òní, bí ráútà bá gbọ́ ohùn rédà lórí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, ó ní láti kó kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà 5 wá di ti àwọn ọ́fíìsì ńlá. Ilé gbé e jù sílẹ̀.

Ráútà tó ń ṣe bí adití

Ọdún 2009 ni ìlànà 802.11n jáde, tí ó lè lo ọ̀nà méjèèjì. Ráútà ọlọ́nà méjì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ènìyàn. Ìlànà 802.11ac ti ọdún 2013 wá gbé eré sísá tuntun rẹ̀ lé ọ̀nà 5 nìkan. Ìgbà náà ni àṣà àtijọ́ di ìṣòro. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń fi bí ohùn ṣe ròkè tó yan ọ̀nà, ohùn 2.4 ló sì máa ń ròkè jù, torí òun ló ń la ògiri. Fóònù a gbọ́ ohùn ńlá, a tẹ̀lé e wọ inú èrò.

Àwọn tó ń ṣe ráútà kò lè yí ìlànà padà, ni wọ́n bá dá ọgbọ́n. Bí fóònù tó mọ ọ̀nà méjèèjì bá ké lórí 2.4, ráútà a ṣe bí adití. Lórí 5, a dá a lóhùn kíá. Bí fóònù bá tún ń ké lórí 2.4 ṣáá, ráútà a jẹ́ ẹ, torí ó lè jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn. Ní ọdún 2008 àti 2011, àwọn ìlànà 802.11k àti 802.11v fi ọ̀nà tó ní ọ̀wọ̀ sí i: ráútà lè sọ fún fóònù pé, "Ìsọ̀ báyìí ṣófo, o ò ṣe lọ síbẹ̀?" Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe àṣẹ. Fóònù lè kọ̀.

Ohun tí a ṣe, àti ohun tí a bàjẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ọ̀kan nínú wa wọ inú ètò ráútà, ó sì pa ọ̀nà 2.4 pátápátá. Fóònù kò rí ibòmíràn lọ, ó gba ọ̀nà 5, fídíò sì wọlé kí aago méjìlá tó lù. A jó, a yọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, a rí i pé ẹnì kẹrin wa kò yọ̀. Fóònù rẹ̀ jẹ́ ti owó kékeré, kò mọ ọ̀nà 5 rárá. Láti alẹ́ ni kò ti rí Wi-Fi kankan, kò sì ní dátà lórí rẹ̀. Òbí ọmọ kan tí ì bá máa kọ́ ní lẹ́sìnnì ti ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Kí ó tó dáhùn, wọ́n ti gba ẹlòmíràn. Owó ráútà náà, ó san tirẹ̀ pé. Àwa la ti í síta láìbi í.

A tọrọ àforíjì, a sì ṣí 2.4 padà lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn tí a ka ìtàn yìí tán, ohun tí a ṣe nìyí. A fún ọ̀nà méjèèjì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà tó mọ ọ̀nà 5, a ní kí wọ́n gbàgbé orúkọ ti 2.4, kí wọ́n má baà máa padà síbẹ̀. A gbé ráútà kúrò lẹ́yìn fíríìjì, a gbé e sókè lójú gbangba. Lórí kọ̀ǹpútà Windows ọ̀kan nínú wa, a rí ibì kan nínú ètò káàdì Wi-Fi rẹ̀ tí wọ́n kọ "Preferred Band" sí, a sì yan 5 níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo káàdì ló ní in.

Ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Bí a bá gbé fóònù lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀nà 5 á rẹ̀, fóònù kò sì ní fúnra rẹ̀ bọ́ sí 2.4, torí a ti ní kó gbàgbé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ Apple fi ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi orúkọ kan náà sílẹ̀ fún gbogbo ọ̀nà. Ẹni tí ilé rẹ̀ tóbi, tó sì ń rìn káàkiri inú rẹ̀, orúkọ kan lè sàn fún un. Yàrá mẹ́ta ni tiwa, orúkọ méjì ló bá wa mu.

Ní ọdún 2020, FCC tún ṣí 1200 MHz sílẹ̀ ní agbègbè 6 GHz, láìgba ìwé àṣẹ. Wi-Fi 7, tí ẹ̀rọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba òǹtẹ̀ Wi-Fi Alliance ní ọdún 2024, lè jẹ́ kí ẹ̀rọ kan lo ju ọ̀nà kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bóyá lọ́jọ́ kan, a ò ní máa bá fóònù jà lórí ọ̀nà tó yẹ kó gbà mọ́.

Títí dìgbà náà, ẹ rántí ibi tí ilẹ̀ náà ti wá. Ibi tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ni, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ayé, fún olówó àti fún ẹni tí fóònù rẹ̀ kéré. Bí ẹ bá ń ṣètò ọ̀nà inú ilé yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ jọ ń gbé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ má ṣe dí ọ̀kan ṣoṣo tí ẹnìkejì yín mọ̀.

Iṣẹ́ ẹni tó gba oríkì náà sílẹ̀ ti wọlé o. Ẹnì kẹrin wa náà sì ti rí lẹ́sìnnì mìíràn. Ó di ìgbà mìíràn.